Henry Hubert àti Omi Ilẹ̀ Dàhòmì

Nígbà ẹ̀rùn, omi odò Zou a máa fà. Nígbà òjò, odò náà a máa kún, omi rẹ̀ á sì pọ́n. Erùpẹ̀ ló mú un pọ́n bẹ́ẹ̀. Àgbàrá ń wọ́ erùpẹ̀ kúrò lóko Bantè àti Savalou. Odò Zou á gbé e lọ sínú odò Ouémé.

Ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tí irú nǹkan yìí jẹ lọ́kàn. Orúkọ rẹ̀ ni Henry Hubert. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Ọdún 1879 ni wọ́n bí i. Nígbà tí Faransé ń ṣàkóso Dàhòmì, tí í ṣe Bẹ̀nẹ̀ òde òní, ó wá ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ irú òkúta tó wà nínú ilẹ̀ àti ọ̀nà tí odò ń gbà.

Iṣẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ kò rọrùn. Yóò fi òòlù fọ́ òkúta, yóò wo inú rẹ̀, yóò sì kọ ibi tó ti rí i sínú ìwé. Bí ó bá rí òkúta róbótó tó ń dán níbi tó jìnnà sómi, ó mọ̀ pé odò ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Omi ló ń yí òkúta títí yóò fi dán. Ní ọdún 1908, Hubert tẹ ìwé ńlá jáde lórí ilẹ̀ Dàhòmì.

Ní 1920, ó kọ ìwé mìíràn. Ó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń ba àgbẹ̀ lẹ́rù ni. Bí òjò bá dín, iṣu kò ní ta dáadáa. Kí ni wọn yóò fi ṣọdún iṣu tuntun ní Savalou?

Nígbà tó yá, Hubert di olórí iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní ìlú Dakar. Wíwọn òjò wà lára iṣẹ́ náà. Wọ́n á gbé agolo síta gbangba. Bí òjò bá dá, wọ́n á da omi inú rẹ̀ sínú ife tí wọ́n fa ìlà sí lára. Wọ́n á ka ìlà náà, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan.

Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gba ọ̀rọ̀ Hubert. Wọ́n ní òjò a máa pọ̀ fún ọdún mélòó kan, a sì tún máa dín. Ta ló jàre? Wíwọn òjò lọ́dọọdún nìkan ló lè fi hàn.

Hubert kú ní 1941. Lẹ́yìn rẹ̀, láti 1950 sí 1960, òjò rọ̀ gan-an. Lẹ́yìn 1970, ọ̀dá dé. Lẹ́yìn 1990, òjò tún pọ̀ sí i díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń kọ òjò sí.