Ẹni Mímọ́ Alphonse de Liguori àti Ẹ̀jẹ́ Rẹ̀ lórí Àkókò

Nítòsí ìlú Naples, ní ilẹ̀ Ítálì, ni a ti bí Alphonse ní ọdún 1696. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin. Ní ọdún 1723 ó pàdánù ẹjọ́ ńlá kan, ó sì kọ̀yìn sí ilé-ẹjọ́. Ó di àlùfáà ní 1726. Ní 1732 ó dá ẹgbẹ́ àwọn Rédemptoristes sílẹ̀, láti wàásù fún àwọn darandaran àti àwọn tálákà ìgbèríko tí a ti pa tì.

Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé òun kì yóò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ẹ̀yin ará, ó rọrùn láti pa irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ara le. Àwa a máa ka ọjọ́ àìsàn sí ọjọ́ òfò. Bíṣọ́ọ̀bù ni Alphonse nígbà tí àrùn oríkèé ara tẹ ọrùn rẹ̀ ba ní 1768, títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan àyà. Bí orí bá ń fọ́ ọ, a fi ọwọ́ kan di òkúta mábù tútù mú mọ́ iwájú orí, a sì máa fi èkejì kọ̀wé. Ìwé tí ó kọ lé ní 100.

Ní 1775 ó fi oyè bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn arákùnrin rẹ̀ ní Pagani. Nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, tí kò lè kọ̀wé mọ́, àdúrà ni ó fi kún wákàtí rẹ̀, pàápàá Rósárì. Níbẹ̀ ni ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1787, ní ẹni 90 ọdún, bí agogo Ángélù ọ̀sán ti ń dún.