Hans Wilsdorf, ọmọ òrukàn tó dá Rolex sílẹ̀: ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ní aago gidi lọ́wọ́

Ẹni tó bá ti dúró ní Boundary rí, níbi tí Apapa ti pàdé Ajegunle, á mọ ohun méjì tí kò wọ́n níbẹ̀: eruku àti omi. Tírélà tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù á gbé eruku dìde lọ́sàn-án, òjò á dé lálẹ́, títì á di odò. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀sà náà tún ń gbé iyọ̀ dání. Inú eruku àti omi yìí náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń wọ aago olówó ńlá lọ síbi iṣẹ́ àti òde àríyá. Wọ́n á wọ̀ ọ́ títí, wọn ò ní bojú wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí aago bá dákẹ́, wọ́n á ní fèékì ni wọ́n tà fún àwọn. Nígbà míì, fèékì ni lóòótọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ojúlówó ni, àwa la fọwọ́ ara wa pa á.

Ọkùnrin kan wà láyé rí tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá eruku àti omi jà nítorí aago ọwọ́. Hans Wilsdorf ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn lè má dún létí yín, ṣùgbọ́n orúkọ tó sọ aago rẹ̀, kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ̀ ọ́n: Rolex.

Ọmọ òrukàn láti Kulmbach

Ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1881 ni wọ́n bí Wilsdorf ní ìlú Kulmbach, ní Bavaria, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìgbádùn yẹn kò tọ́jọ́. Ọmọ ọdún 12 péré ni nígbà tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá mọ́. Àwọn ẹbí ta òwò tí bàbá wọn fi sílẹ̀, wọ́n sì fi Hans àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sí ilé ìwé tí wọ́n ń gbé. Ẹlòmíì ìbá di kùnrùngbùn sẹ́bí. Nígbà tí òun dàgbà, ohun tó sọ ni pé ìyẹn ló kọ́ òun láti dá dúró, kí òun sì máa tọ́jú ohun tó bá jẹ́ ti òun.

Ní 1900, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19, ó ríṣẹ́ ní La Chaux-de-Fonds, ìlú àwọn aláago ní Switzerland. Akọ̀wé ni, torí pé ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tún wà tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: ojoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ yí ọgọ́rọ̀ọ̀rún aago àpò níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà dúró, kó sì wò ó bóyá wọ́n ń sọ àsìkò bó ṣe yẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Aago táwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́

Ní 1905, Wilsdorf àti àna rẹ̀, Alfred Davis, dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà yẹn. Aago ọwọ́ ló fẹ́ tà. Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà, inú àpò ni ọkùnrin ń fi aago sí, pẹ̀lú ṣéènì. Aago ọwọ́, ẹ̀ṣọ́ obìnrin ni wọ́n kà á sí. Àwọn tó mọ̀ nípa aago gan-an ní kò lè ṣiṣẹ́ ọkùnrin: ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti kéré jù, ọwọ́ máa ń jù síwá sẹ́yìn, eruku àti òógùn á sì wọ inú rẹ̀.

Wilsdorf kò bá wọn jiyàn. Ó lọ bá iléeṣẹ́ Aegler ní ìlú Bienne, ní Switzerland, kí wọ́n bá òun ṣe ẹ̀rọ kékeré tó péye. Ní 1908, ó forúkọ Rolex sílẹ̀ lábẹ́ òfin, orúkọ kúkúrú tí ahọ́n gbogbo ìlú lè pè, tí àyè rẹ̀ sì gbà á lójú aago. Ní 1910, aago ọwọ́ rẹ̀ kan gba ìwé ẹ̀rí ìpéye ní Bienne. Ní 1914, òmíràn gba ìwé ẹ̀rí onípò kìíní ní Kew, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìdánwò ọjọ́ 45. Aago inú ọkọ̀ ojú omi, irú èyí tí ọ̀gákọ̀ fi ń mọ ibi tó wà lójú òkun, ló sábà máa ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọhò.

Ọdún yẹn náà ni ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀. Sójà tó di ìbọn mú kò ráyè máa wá aago nínú àpò, ni aago ọwọ́ bá di ti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ogun yìí kan náà ba nǹkan jẹ́ fún Wilsdorf. Jámánì ni wọ́n ti bí i, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ò sì rẹ́rìn-ín sí ọmọ Jámánì mọ́. Ní 1915, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó ibodè lé aago tó ń wọlé, ìdá kan nínú mẹ́ta iye rẹ̀. Ẹni tó bá ń kó ọjà jáde ní wọ́ọ̀fù Apapa mọ bí irú ìyẹn ṣe ń dunni. Wilsdorf yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lára iléeṣẹ́, ó fi Rolex rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó sì di 1920, ó ti fìdí iléeṣẹ́ náà kalẹ̀ ní Geneva.

Bó ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ eruku àti omi

Ẹ wo aago ọwọ́ yín dáadáa. Ibi mẹ́ta ni nǹkan lè gbà wọ inú rẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀, etí gíláàsì, àti ihò tí orí kékeré tí a fi ń yí i gbà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò yẹn ló burú jù. Ní 1926, Wilsdorf gbé aago tó pè ní Oyster jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ́ dé bí ìdérí ìgò, iwájú rẹ̀ ń lọ́ dé, orí kékeré náà sì ń lọ́ dé mọ́ ara aago. Àwọn méjì kan ní Switzerland, Perregaux àti Peret, ló ronú kan ọgbọ́n orí tó ń lọ́ dé yìí. Wilsdorf ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1926 yẹn náà ni wọ́n ṣí wọ́ọ̀fù Apapa.

Kí ayé lè gbà á gbọ́, ó wá Mercedes Gleitze kàn, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lúwẹ̀ẹ́ sọdá òkun láti ilẹ̀ Faransé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹwàá 1927. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé Rolex wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó sọdá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ń ṣiyèméjì sí àṣeyọrí rẹ̀, ó padà sínú omi ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Ìgbà kejì yìí ni Oyster wà lọ́rùn rẹ̀. Òtútù kò jẹ́ kó dé òdì kejì. Lẹ́yìn wákàtí tó ju 10 lọ, wọ́n fà á jáde. Ara obìnrin náà ti gan, ṣùgbọ́n aago ṣì ń ṣiṣẹ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Wilsdorf ra odidi ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Daily Mail láti fi polówó ọjà rẹ̀.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ní àléébù. Ojoojúmọ́ lèèyàn gbọ́dọ̀ tú orí aago kó tó lè yí i. Ẹni tó bá gbàgbé láti lọ́ ọ padà ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún omi. Kí ni ká ṣe tí èèyàn ò fi ní máa fọwọ́ kàn án rárá?

Wilsdorf kọ́ ló kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí. John Harwood, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tún aago ṣe, ti ṣàkíyèsí pé ihò yẹn ni eruku àti omi ń gbà ba aago àwọn oníbàárà òun jẹ́. Ó ṣe aago ọwọ́ tó ń yí ara rẹ̀ láti inú mímì ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, ó sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1924. Ọ̀dá owó tó kárí ayé gbé iléeṣẹ́ Harwood ṣubú ní 1931. Ọdún yẹn náà ni Rolex gbé tiwọn jáde, Perpetual: irin wúwo kan tó rí bí ìdajì òṣùpá, tó ń yí po láìsí ìdènà, tó sì ń ká sípíríǹgì inú aago bí apá ṣe ń mì. Àkọ̀wé tó ń fọwọ́ yí ọgọ́rọ̀ọ̀rún aago lójúmọ́ ti wá ta aago tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ yí mọ́.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì tí Jámánì kó lẹ́rú ń kọ̀wé sí i látinú ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n fẹ́ aago. Wilsdorf fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ní kí wọ́n má sanwó títí ogun á fi parí. Ọmọ Jámánì tí wọ́n lójú sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun kìíní ló fọkàn tán sójà Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ní 1944, ìyàwó rẹ̀, Florence, kú. Wọn ò bímọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó sì fi iléeṣẹ́ rẹ̀ sí ìkáwọ́ àjọ náà. Títí dòní, àjọ yìí ló ni Rolex. Ọjọ́ 6 oṣù Keje 1960 ló jáde láyé ní Geneva, oṣù mẹ́ta kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Ọ̀tá kẹta tó kù sí wa lọ́wọ́

Wilsdorf borí eruku, ó borí omi. Ọ̀tá kan wà tí kò rí pa: àkókò fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ inú aago ọtọmátíìkì òde òní sábà máa ń lù ní ìgbà 28,800 láàárín wákàtí kan. Lọ́dún kan, ó ti ju ìgbà mílíọ̀nù 250 lọ. Òróró tíńtín ló ń jẹ́ kí irin má fi irin jẹ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, òróró yẹn á gbẹ, rọ́bà tó ń dí omi á gan. Aago á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ ara rẹ̀. Ṣé ẹ lè wa mọ́tò ọdún mẹ́wàá láìpààrọ̀ ọ́ìlì? Ó dáa, báwo wá ni ti aago?

Nítorí náà, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn. Bí orí aago yín bá jẹ́ èyí tó ń lọ́, ẹ rí i pé ó wọlé dáadáa kí ẹ tó sún mọ́ omi, ẹ má sì fà á jáde nínú omi láé. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ wọ òkun, ẹ fi omi tútù lásán ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn náà. Aago àtijọ́, tí ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ gbẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ rí omi rárá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí òógùn lábẹ́ gíláàsì, ẹ má dúró kó gbẹ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, torí ìpẹtà kì í sinmi.

Ẹ má yí déètì láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru. Nínú ọ̀pọ̀ aago, àwọn eyín ẹ̀rọ ti ń múra àtiyí i nígbà yẹn, ẹ lè ṣẹ́ wọn. Ẹ gbé e jìnnà sí òòfà: ẹ̀yìn spíkà, ìdérí fóònù tó ní òòfà. Bí aago bá ṣàdédé ń sáré, ó lè jẹ́ òòfà ló mú un, kì í sì í pẹ́ yọ kúrò. Tí ẹ bá bọ́ ọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tó sì dúró, kò bàjẹ́. Ebi ìrìn ló ń pa á.

Ní ti sáfíìsì, Rolex ń sọ pé bíi ọdún 10 fún tiwọn. Àwọn iléeṣẹ́ míì ń sọ iye tó kéré sí ìyẹn. Sáfíìsì gidi kì í ṣe ká ṣí ẹ̀yìn ká fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n á tú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi òróró tuntun sí i, wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ dán an wò bóyá omi lè wọ̀ ọ́. Àwọn atúnaagoṣe ẹ̀bá títì wa mọ iṣẹ́. Okùn àti bátìrì, ẹ gbé e fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí aago ọtọmátíìkì létí títì Apapa, níbi tí tírélà ń kọjá, ti ṣí ilẹ̀kùn tí Wilsdorf fi ogún ọdún wá bí òun ṣe máa tì. Oníṣẹ́ tó jẹ́ olóòótọ́ gan-an á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Kí ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ bèèrè: ṣé yàrá tó mọ́ wà? Ṣé ẹ̀rọ ìdánwò omi wà? Ṣé ẹ máa kó ògbólógbòó irin tí ẹ bá yọ padà fún mi?

Nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní AJ, aago bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti dákẹ́, èyí tó fi owó iṣẹ́ wọ́ọ̀fù rà nígbà tí náírà ṣì ní láárí. Ẹ má tà á fún ẹni tó ń ra ìpáǹtí. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó ná. Irin tí wọ́n bá tọ́jú máa ń pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ, ọmọ òrukàn Kulmbach yẹn sì mọ̀ dáadáa pé ohun tí òbí fi sílẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré.