SAMUEL PLIMSOLL, ẸNI TÓ JÀ FÚN ÌLÀ ARA ỌKỌ̀ OJÚ OMI

Bí ẹ bá rí àwòrán ọkọ̀ òkun ńlá, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí àmì róbótó kan tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí omi bá ti bo ìlà yẹn, ẹrù ọkọ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Orúkọ Samuel Plimsoll ni wọ́n fi ń pe àmì náà.

Ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1824. Kì í ṣe atukọ̀ rárá, ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ ọtí kan ní Sheffield, ó di máníjà níbẹ̀, ó wá lọ ta èédú ní London. Òwò yẹn dẹnu kọlẹ̀. Ó bá ara rẹ̀ nílé táwọn tálákà ń háyà sùn, owó tí kò tó ṣílè 8 ló ń ná lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí nǹkan tún ṣẹnuure, kò gbàgbé àwọn tó bá gbé níbẹ̀. Ní 1868, àwọn ará Derby dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí òfin tó sọ ibi tí ẹrù ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè kó ẹrù sínú ẹ̀ títí omi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀. Bó bá gúnlẹ̀, èrè ni. Bó bá rì, ìnṣọ́ránsì á san owó, ìgbà míì sì wà tí owó yẹn ju iye ọkọ̀ lọ! Ọkọ̀ pósí ni wọ́n ń pe irú wọn. Atukọ̀ tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé, tó wá rí ọkọ̀ tó ní òun ò lọ mọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ gbà mí o! Ikú nínú omi, àbí ẹ̀wọ̀n lórí ilẹ̀?

Plimsoll kọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ náà. James Hall, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọkọ̀, ti ń pariwo ẹ̀ ṣáájú. Àmọ́ Plimsoll ló gbé e dé etí gbogbo ìlú. Ó ṣe ìwé jáde ní 1873, àwọn olówó ọkọ̀ sì gbé e lọ sí kóòtù.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje, 1875, Disraeli tó jẹ́ olórí ìjọba ní àwọn máa pa àbá òfin ọkọ̀ tì. Inú bí Plimsoll kọjá ààlà. Ó pe àwọn kan nínú Ilé ní ìkà èèyàn, ó na ẹ̀ṣẹ́ sójú Abẹnugan. (Ẹni tó bá dán ìyẹn wò ní assembly wa, ó dilé!) Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá tọrọ àforíjì fún ìwà tó hù, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ará ìlú ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ò sì rí ọgbọ́n míì dá ju kí wọ́n ṣòfin lọ.

Òfin 1876 ní kí gbogbo ọkọ̀ ní ìlà. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń yan ibi tó máa fà á sí. Wọ́n ní ọ̀gá ọkọ̀ kan ní Cardiff kùn ún sára ọ̀pá èéfín! Ọdún 1890 ni òfin tó sọ ibi tí ìlà gbọ́dọ̀ wà.

Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn lẹ́tà kún un. Ẹ̀yin tó ń ṣe físíìsì mọ ìdí ẹ̀: omi iyọ̀ máa ń gbé ọkọ̀ sókè ju omi odò lọ, torí náà ìlà omi odò ga ju ti òkun. Ní Yúróòpù lónìí, ọkọ̀ kékeré onígbòkun tí wọ́n fi ń ṣe fàájì pàápàá ní àwo pélébé tó sọ iye èèyàn àti ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé.

Bàtà kánfáàsì wa náà, plimsoll làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, torí ìlà rọ́bà tó yí i ká.

Plimsoll kú ní Folkestone lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà, 1898, ọdún 8 lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlà náà kúrò lọ́wọ́ àwọn olówó ọkọ̀.