Ulysses Grant: Ọ̀gágun tó ń bá ikú sáré kó lè parí ìwé rẹ̀

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1884, Ulysses Grant dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní New York, ni wọ́n bá sọ fún un pé owó ti tán. Ọkùnrin tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́jọ, tó sì ṣẹ́gun nínú ogun abẹ́lé tó fẹ́ pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, kò ní ju nǹkan bíi dọ́là 80 lọ lápò.

Gbájúẹ̀ ló lù ú ní jìbìtì. Ferdinand Ward, tóun àti ọmọ Grant jọ ń ṣòwò, ń fi owó ẹni tó dé kẹ́yìn san èrè fún ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ tó tú síta, ó rán Grant lọ yá 150,000 dọ́là lọ́dọ̀ olówó ńlá William Vanderbilt. Baba náà lọ yá a lóòótọ́. Nígbà yẹn sì rèé, Amẹ́ríkà kì í san owó ìfẹ̀yìntì fún ààrẹ tó bá ti kúrò lórí àlééfà.

Ìṣẹ́ kì í ṣe àjèjì sí i ṣá. Ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1822, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ awọ. Ó kọ́ṣẹ́ ológun ní West Point, ó lọ jagun Mẹ́síkò lọ́dún 1846, ogun tó sọ California àti ilẹ̀ gbalasa mìíràn di ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ lọ́dún 1854, nǹkan ò rọgbọ fún un rárá. Ó dáko, kò jọ. Ó ta igi ìdáná ní St. Louis. Kérésìmesì ọdún 1857, aago ara rẹ̀ ló fi dógò. Síbẹ̀, ó ní ẹrú kan nígbà náà, William Jones, tó lè tà ní owó gidi. Kò tà á o. Lọ́dún 1859 ó lọ sílé ẹjọ́, ó fún un ní ìwé òmìnira. Ẹni tó ń fi aago dógò ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1861, ṣọ́ọ̀bù awọ bàbá rẹ̀ ní Galena ló ti ń ṣiṣẹ́. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, Ààrẹ Lincoln ti fi í ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kó tó débẹ̀: ní Shiloh, láàárín ọjọ́ méjì péré, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ àtàwọn tó sọnù lápá méjèèjì lé ní 23,000. Àmọ́ nígbà tí Ọ̀gágun Lee túúbá fún un lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1865, Grant ò fi í ṣẹlẹ́yà. Ó jẹ́ káwọn ọmọ ogun Lee mú ẹṣin wọn lọ sílé kí wọ́n lè rí nǹkan fi dáko.

Ìjọba rẹ̀ ní dáadáa, ó ní burúkú. Ó gbógun ti Ku Klux Klan tó ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti kó sọ́jà lọ bá àwọn Lakota lọ́dún 1876, lẹ́yìn tí góòlù jáde ní Black Hills, ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti buwọ́ lù ú lọ́dún 1868 pé tiwọn ni. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ ìyẹn tó máa dùn létí.

Ọdún 1884 yẹn kan náà, Grant gé èso píìṣì kan jẹ, ọ̀fun rẹ̀ ta á bí iná. Jẹjẹrẹ ni. Tó bá kú báyìí, gbèsè ni Julia ìyàwó rẹ̀ máa jogún. Bó ṣe jókòó ti ìwé nìyẹn. Iléeṣẹ́ kan ti fẹ́ gba iṣẹ́ náà lówó pọ́ọ́kú, àfi ìgbà tí Mark Twain, òǹkọ̀wé tó ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé tiẹ̀, dá sí i, tó ní òun máa fún un ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èrè.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ lọ, tí kò lè máa sọ ọ́ fún akọ̀wé mọ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ohun tó kọ kì í sì ṣe ìyìn ara ẹni nìkan. Ó kọ ọ́ láìfi bò pé ìrẹ́jẹ ni ogun Mẹ́síkò, pé alágbára ló lọ fìyà jẹ aláìlágbára, àti pé inú ogun yẹn ni ogun abẹ́lé ti jáde. Òun gan-an sì jà níbẹ̀! Ó tún jẹ́wọ́ pé òun kábàámọ̀ ìkọlù tó kẹ́yìn ní Cold Harbor, níbi tí ọ̀pọ̀ sọ́jà rẹ̀ ti ṣòfò láìsí èrè kankan.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1885, wọ́n gbé e lọ sórí Mount McGregor, níbi tí atẹ́gùn ti tutù díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti parí ìwé náà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ 23 oṣù Keje, ó kú lẹ́ni ọdún 63.

Àwọn sọ́jà àtijọ́ wà lára àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé láti tà á. Ìwé alápá méjì ni, ó sì tà ju 300,000 lọ. Lọ́dún 1886, Julia gba ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́: 200,000 dọ́là.