Edwin Hubble àti Òrùka Ìràwọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, bí ilẹ̀ bá ṣú ní Glazoué, ẹ jáde sí àgbàlá, kí ẹ wo ojú ọ̀run. Ìràwọ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí àgbàdo tí a sá sí oòrùn. Ọkùnrin kan fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wo ìràwọ̀. Edwin Hubble ni orúkọ rẹ̀.

Wọ́n bí Hubble ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1889. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó kọ́ ìmọ̀ òfin. Hubble gbọ́ràn, ó kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1913. Hubble wá ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìràwọ̀. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ nípa wọn.

Ní ọdún 1919, ó lọ ṣiṣẹ́ ní orí òkè Wilson. Awò ńlá kan wà níbẹ̀ tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Dígí inú rẹ̀ fẹ̀ ju gíga bàbá yín lọ. Ní òru, nínú òtútù, Hubble a jókòó ti awò náà.

Ìràwọ̀ kì í dá gbé. Wọ́n ń kóra jọ bí ará ìlú kan. A ń pe ìlú wọn ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Nígbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn. Àwọn kan ní ìṣùpọ̀ tiwa nìkan ló wà. Ní ọdún 1923, Hubble rí ìràwọ̀ kan tó ń tàn, tó sì ń rọlẹ̀. Ó fi èyí mọ bí ó ti jìnnà tó. Inú ìṣùpọ̀ mìíràn ló wà! Iyàn parí.

Hubble wá ṣa àwọn ìṣùpọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣa iṣu ní ọjà Glazoué. Àwọn kan rí bí ẹyin. Àwọn kan ká bí ìkarahun ìgbín. Àwọn mìíràn ní ọ̀pá ìràwọ̀ ní àárín, òrùka sì lè yí ọ̀pá náà ká.

Báwo ni òrùka ṣe dé ibẹ̀? Àwọn tó tẹ̀lé Hubble ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀pá náà ń yí bí orógùn nínú ìkòkò. Bó ti ń yí, ó ń fa afẹ́fẹ́ àti eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n kóra jọ yíká. Níbẹ̀ ni ìràwọ̀ tuntun ti ń yọ. Òrùka dé nìyẹn.

Hubble kú ní ọdún 1953. Ní ọdún 1990, wọ́n gbé awò kan lọ sókè ọ̀run, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ẹni tó bá fi sùúrù wo nǹkan, yóò rí i.

Ìbéèrè
1. Kí ni bàbá Hubble fẹ́ kí ó kọ́?
2. Kí ni ìṣùpọ̀ ìràwọ̀?
3. Ya ọ̀pá àti òrùka ìràwọ̀ sínú ìwé rẹ.