Dick Tiger: Ọkùnrin tó gbé ìjà àgbáyé wá s'Íbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo Israel Adesanya lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tó ṣáájú ẹ̀ fún yín.

Richard Ihetu lorúkọ ẹ̀. Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1929. Ìdí ẹ̀ṣẹ́ ló ti di Dick Tiger. Nígbà tó dé Liverpool ní 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, ó fìdí rẹmi nínú gbogbo ẹ̀. Kò torí ẹ̀ sá wálé. Ní 1962, ó na Gene Fullmer ní San Francisco, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1963, Fullmer wá bá a n'Ìbàdàn, ní pápá Liberty tí kò jìnnà sí àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn ráùn keje, Fullmer ò lè jà mọ́. Ní 1966, Tiger tún gba bẹ́líìtì José Torres, tàwọn tó wúwo jù ú lọ.

Ogun Biafra dé, ó dúró ti àwọn èèyàn ẹ̀. Ní 1969, ó dá oyè MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn gbogbo òkìkí yẹn, iṣẹ́ gáàdì ló ṣe ní mùsíọ́mù kan ní New York. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á n'Ába lóṣù Kejìlá 1971, ọmọ ọdún méjìlélógójì.

Ohun tó ń dùn mí rèé: n'Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà la pè é. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀, a ti ń bi ara wa ní ẹ̀yà.