Ibn Sina àti Òórùn Òdòdó Rósì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta òróró rósì ló máa ń sọ pé Ibn Sina ló kọ́kọ́ ṣe é láyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwa Mùsùlùmí nínú, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí i tí Al-Kindi, tó gbé ní Baghdad, ti kọ ìwé lórí lọ́fíńdà àti bí a ṣe ń se òdòdó kí ooru rẹ̀ lè tutù padà di omi olóòórùn dídùn. Ohun tí Ibn Sina ṣe ni pé ó wá àyè fún òórùn náà nínú ìtọ́jú ọkàn.

Nǹkan bí ọdún 980 ni wọ́n bí Abu Ali ibn Sina ní Afshana, nítòsí Bukhara, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Uzbekistan lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó ti há Al-Qur'aan sórí. Kò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n fi pè é sí ààfin pé kó wá bá wọn tọ́jú ọba Nuh ibn Mansur. Ohun tó tọrọ níbẹ̀ ni kí wọ́n jẹ́ kó wọ ilé ìkówèésí ọba.

Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ìlú dé ìlú ló ń lọ, títí ó fi dé Hamadan ní ilẹ̀ Páṣíà. Inú rírun ń yọ ọba ibẹ̀, Shams al-Dawla, lẹ́nu. Ó tọ́jú rẹ̀, ọba sì fi í ṣe wàsírì. Àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n kó ilé rẹ̀, wọ́n ní kí ọba pa á. Ogójì ọjọ́ ló fi sá pamọ́. Ìgbà tí inú rírun tún gbé ọba dè ni wọ́n wá a jáde, tí ọba ń bẹ̀ ẹ́.

Ní Hamadan yìí kan náà ló ti kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn oògùn ọkàn. Lójú rẹ̀, ọkàn ni orísun ẹ̀mí tó ń gbé ara ró. Òórùn dídùn ń mú ẹ̀mí náà yọ̀, ìdùnnú sì ń fún ọkàn lágbára. Ó ka rósì mọ́ àwọn oògùn bẹ́ẹ̀. Omi rósì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó dákú àti ẹni tí ooru fọ́ lórí. Omi yìí ló wọ́pọ̀ ju òróró lọ, torí òdòdó tó tó 3,000 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń mú kìlógíráàmù kan péré jáde. Ẹ fura sí èyí tó bá pọ̀jù lówó pọ́ọ́kú lọ́jà! Àwọn ìwádìí kan lóde òní náà rí i pé fífín òórùn rósì lè dín àníyàn aláìsàn kù. A kì í mu òróró náà, a sì máa ń fi òróró mìíràn là á kó tó kan ara.

Ìwé ńlá rẹ̀, Al-Qanun fi al-Tibb, wọ́n fi kọ́ni ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí wọ́n tì í mọ́ ilé olódi Fardajan fún oṣù mẹ́rin, ó kọ ìwé kan lórí inú rírun. Inú rírun yìí náà ló wá mú òun fúnra rẹ̀, ó sì gbé e dé ojú ọ̀nà Hamadan. Ó fi ìtọ́jú sílẹ̀, ó tọrẹ fún àwọn tálákà, ó dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù Rамаdan ọdún 428 Hijra, ìyẹn 1037, ló kú, Hamadan ni sàréè rẹ̀ sì wà títí dòní.